Awakọ̀ Búrẹ́dì Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n Láyíwọlá,

Gbogbo ilé kí yín àti ìyàwó yín. Ẹsẹ̀ Màmá tó wú ti ń lọlẹ̀.

Iléeṣẹ́ búrẹ́dì tí Bàbá ń wakọ̀ fún ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò mẹ́rin bá àwọn dín owó epo kù. Bàbá fúnra wọn ló fi àwọn ọ̀nà àbùjá Mushin hàn wá. Ìṣirò wa ní méjì tó nínú mọ́tò márùn-ún. Nọ́ńbà mọ́tò la kọ sílẹ̀, a ò kọ orúkọ awakọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dá awakọ̀ mẹ́ta dúró. Bàbá wà lára wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Kí Olúwa pa yín mọ́. Wọn ò bá mi wí. Lánàá, wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìṣirò náà fáwọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Jael, ó péye.”

Àbúrò yín,
Jael