Línkì Mi Lábẹ́ Ìkéde Ikú Àlájà

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì. Ìsàlẹ̀ Òsì.

Ojú ṣì ń tì mí. Láàárọ̀, dípò kí n jókòó kọ orí tó kàn nínú ìtàn tí mò ń gbé sórí ìkànnì, línkì orí tó ti pẹ́ ni mò ń pín káàkiri gúrúùpù Wọ́sáàpù. Mi ò tiẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. "Ìtàn aládùn dé o! Ẹ wá gbádùn ara yín!"

Nínú gúrúùpù agboolé wa, abẹ́ ìkéde ikú Àlájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló bọ́ sí. Àwọn èèyàn ń kọ "Ìnnà lílláhì", èmi ń ní kí wọ́n wá gbádùn.

Mo pa á rẹ́. Wọ́n kúkú ti rí i. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, bùrọ̀dá mi ní, "Bàsírà, o ò tiẹ̀ kà á ni?"

Kò sì sẹ́ni tó ń ka ìtàn yẹn tó Àlájà. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lórí fóònù mi: "Bàsírà, ọmọ inú ìtàn rẹ tó sọnù ní Mápó yẹn, ṣé ó ti délé?"

Èsì mi ni pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi pín línkì fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù wọn.

Wọ́n pín in. Ọmọ náà ò tíì délé.