Igi Àárín Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Bahiya

Ní orúkọ Ọlọ́hun. Èmi, Abdul-Tawwab Hasanein, oníṣẹ́ bàbà ní Gamaliya nílùú Kairo, tí gbogbo ọjà ń pè ní Usta, èyíinì ni ọ̀gá iṣẹ́, ni mo ni ìwé yìí. Orí mi pé. Àyà mi ni kò pé mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí. Imaamu Anwar Sidqi ló ń bá mi kọ ọ́. Òun ni kó pín ogún mi.

1. Gbèsè ṣáájú ogún. Mo jẹ Zaki elẹ́wà ní ìkòkò ọlọ́rùn tóóró kan. Kí Bahiya, opó Sabri ọmọ mi, bá mi ṣe é.

2. Kí Fawzi àbúrò mi kó àwọn ẹyẹlé orí òrùlé. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń súfèé pè wọ́n wálé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí ó mọ èyí kí ó tó gbọ́ ìyókù.

3. Ṣọ́ọ̀bù, àti ẹ̀rọ tó ń yí awo bàbà, yóò di ti Fawzi. Èmi kọ́ ló fún un, òfin ni. Sabri kú láìbímọ, ìyàwó ọmọ kì í sì í jogún. Láti ìgbà tí Sabri ti kú, Bahiya ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Fawzi ní, "Obìnrin yìí, aṣọ ẹ á wọnú ẹ̀rọ o." Ó dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Bàbá, tiyín ló ń wọ́lẹ̀ jù." Ọjà rẹ́rìn-ín, Fawzi kò sì dárí jì í.

Lánàá, mo wà lórí ibùsùn lókè, mo ń gbọ́ Fawzi àti oníṣòwò kan nísàlẹ̀. Oníṣòwò ní, "Ẹ̀rọ nìkan ò wúlò fún mi. Àwọn igi ìkòkò yẹn, tí ẹ fi ń mọ ìkòkò, ni mo fẹ́." Fawzi ní, "Ẹ ní sùúrù, kò ní pẹ́ mọ́." Èmi ni kò ní pẹ́ mọ́ yẹn. Mo sunkún.

4. Òfin gbà kí n fi ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní mi fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. Ẹ̀rọ nìkan ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, kí Bahiya gba àwọn ọ̀pá irin mi àti igi àárín gbogbo igi ìkòkò. Ara igi la ti ń fi ọ̀pá tẹ awo bàbà tó ń yí, títí yóò fi di ìkòkò. Ọrùn ìkòkò ẹ̀wà kéré, odidi igi kò lè gbabẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń là á sí wẹ́wẹ́ yí igi àárín kan ká. A á fa àárín yọ, ìyókù á tẹ̀lé e níkọ̀ọ̀kan. Láìsí i, wọn kì í dúró papọ̀; igi ìdáná lásán ni wọ́n.

Fawzi, mo bẹ̀ ọ́, má lé e jáde. N kò ní agbára mìíràn lórí rẹ. Bahiya ti kó àwọn igi àárín lọ sílé ìyá rẹ̀ kí n tó tẹ̀ka. Bí o bá fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù bàbá wa tún dún, lọ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀, kí o sì pè é ní Usta.

Mo tẹ̀ka: Abdul-Tawwab Hasanein.
Kairo, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ọdún 1978.
Ẹlẹ́rìí: Zaki Mitwalli, elẹ́wà; àti Lutfi Badawi, tó ń fi tánganran pa inú ìkòkò.