Ìgbà Márùn-ún Ni Mo Bi Tẹ́ẹ́rẹ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, ìyá rẹ ní àsọdùn ni, ó sì ń kí ọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ ní ìlú ńlá yẹn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ kíláàsì rẹ tí mo kọ́ ní eré sísá kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n. Ó rán ohùn rẹ̀ sínú fóònù mi lọ́jọ́ Ẹtì, aránṣọ ojúde wa ló bá mi ṣí i. Ó kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè àlàáfíà rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Mo gbójú fò ó, mo ní òkìkí ló ń dà á láàmú. Ó ní òun ò gba àbùjá ẹ̀yìn kíláàsì kẹfà lọ́jọ́ eré yípo pápá yẹn, ó pé ogún ọdún lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán nínú òun.

O mọ̀ pé tíṣà ni mí. Ọmọ tó bá ń parọ́, bí a bá bi í lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yí. Mo ní kí aránṣọ tún bi í. Ìgbà márùn-ún la bi í, a jẹ́ kó sinmi díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta nítorí ọ̀nà jìn, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀ rárá. Ibi tó ti wúkọ́ lákọ̀ọ́kọ́ náà ló ń wúkọ́ sí. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ, n ò rí ẹni tó sọ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sunkún díẹ̀, má sọ fún ìyá rẹ. Mo dá ọmọ ọlọ́mọ dúró lójú gbogbo ilé-ìwé, mo ní àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ, mo sì gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó ṣe ìkejì. Ìwọ lo ṣe ìkejì. Ìwọ náà lo wá sọ fún mi pé o rí i níbi tó ti ń gba àbùjá.

Bá mi fi owó káàdì ránṣẹ́, aránṣọ ní ìbéèrè wa ti jẹ káàdì òun tán. Di ife orí tẹlifíṣọ̀n rẹ yẹn dáadáa, kí o fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú. Kí o sì rán ohùn tìrẹ náà wá, sọ ohun tí o rí lọ́jọ́ náà. Má bẹ̀rù, n ò ní nà ọ́, o ti dàgbà.

Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn, ibi tí o bá dojú kọ á là fún ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà, torí pé ọmọ mi ni ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tíṣà rẹ.