Ọwọ́ Mojíbọ́lá Lára Èèpo Ìwé

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà 2025

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: òjò, tó tún lè wọlé bíi ti èṣí. Táyà òsì àga oníkẹ̀kẹ́ tó ń jò. Ìfúnpá mi. Ẹ̀jẹ̀ mi tí Dókítà Ọláyíwọlá fẹ́ gbà. Wàhábì, tí kò tíì tẹ èèpo ìwé, tí Iléyá sì ti dé tán. Ìbàdàn. Ìbàdàn ju gbogbo wọn lọ.

Ìyálóde fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pe Mojíbọ́lá, àbíkẹ́yìn mi, láti ìgbà tí àìsàn iṣan ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì ń pàṣẹ fún gbogbo ilé láti orí àga. Dókítà Ọláyíwọlá àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí àìsàn náà l'Ákokà kó àwòrán tí àwọn aláìsàn fúnra wọn yà jọ, wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwé. Tirẹ̀ ni wọ́n mú fún èèpo. Ìbàdàn ni wọn yóò ti ṣí ìwé náà, níwájú àwọn olùwádìí láti ibi gbogbo, wọ́n sì ní kó wá.

Mo ní rárá. Kò kọjá Fádèyí mọ́ látìgbà tí Sabina ìyá rẹ̀ ti kú. Bí mọ́tò bá bàjẹ́ ní márosẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gbé e?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Wàhábì gbé púrúùfù èèpo wá kí a wò ó kó tó tẹ ojúlówó. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí. Àwòrán náà: ọwọ́ mi tó ń gbé kọ́ọ̀bù sí Ìyálóde lẹ́nu. Èédú ló fi yà á, a fi báńdéèjì dì í mọ́ ìka rẹ̀. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Èyí tí Wàhábì gbé wá kò gbọ̀n. Ó ti fi kọ̀ǹpútà na ìlà kọ̀ọ̀kan tọ́, ó ti fọ gbogbo èédú tó ta sí i kúrò. Odidi ọjọ́ kan ló fi ṣe é. Kí n má parọ́ — mo yìn ín. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ìlà tó bá gbọ̀n, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, bébà ọ̀hún di ti ẹlẹ́pà.

Ìyálóde wò ó, ó béèrè pé ọwọ́ ta nìyí. Wàhábì ní ti Bàbá ni. "Ìka Bàbá ní kókó. Èmi tí mo yà á náà ńkọ́, Bùọ̀dá Wàhábì? Ibo lẹ gbé mi sí?" Wàhábì ní àánú rẹ̀ ló ṣe òun, kí àwọn èèyàn má baà mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyálóde ní, "Ẹ gbé àánú yẹn fún àgbò Iléyá yín. Òun ló nílò rẹ̀."

Ọjọ́rú, 4

Ìyálóde kò jẹun. Ó ní tí wọ́n bá tẹ èyí, kí wọ́n yọ orúkọ òun, òun kò sì lọ sí Ìbàdàn mọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fara mọ́ ọn, kí wọ́n má baà bínú fi ti ẹlòmíràn sí èèpo. Ó pe Dókítà, ó fi fóònù sí sípíkà kí n lè gbọ́. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni Dókítà, n kò gbọ́ kó gbóhùn sókè rí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wo iṣan lábẹ́ ẹ̀rọ. Iṣan nìkan ni ẹ̀rọ ń fi hàn mí. Ìlà tó ń gbọ̀n yẹn ló jẹ́ kí n mọ bó ṣe rí lára ẹni tó ni ín. Torí ẹ̀ la ṣe mú un." Àmọ́ ó ní èèpo gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ìsinmi Iléyá tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀la nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo lọ bá Wàhábì. Àgbò méjì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń jẹ bébà tí wọ́n gé kù. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé ọdún. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò bá òun ṣe é, iná kò sì sí. Mo bọ́ bùbá mi. Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹ̀yin tí jẹnẹrétọ̀ ń bà lẹ́rù?" Mo ní ó ń bà mí. Mo ní kó tàn án.

Ó ṣe pélèètì ìtẹ̀wé tuntun láti ara àwòrán gan-an, kò tún nǹkan kan ṣe. Mo dín yíǹkì kù, mo ní kí ẹ̀rọ rọra máa lọ, kí èédú tó fẹ́lẹ́ má baà dì pọ̀. Bébà kìíní dúdú jù. Ìkejì wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde — ìlà tó ń gbọ̀n, kókó ìka mi, ibi tí èédú ti yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wàhábì gbé ọ̀kan sókè. Ó wá ní, "Bàbá, ọmọ yìí mọ ọwọ́ yín o."

Mo gbé ẹyọ kan lọ sílé, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ìyálóde fi imú kàn án. Ó ní, "Èmi rè é." Ó jẹ ẹ̀bà, ó ní kí n bù sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Wàhábì fi ẹran Iléyá ránṣẹ́. Ìyálóde ní kí wọ́n sọ fún un pé àánú náà rọ̀, ó sì dùn.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ìsinmi ìjọba tiwa-n-tiwa ni lónìí, síbẹ̀ Dókítà wá. Mo na apá fún un. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù látẹ̀yìnwá: kí wọ́n má lọ rí i pé ọ̀dọ̀ mi ni àìsàn ọmọ mi ti wá. Ó ní irú ti Mojí lè fara pa mọ́ sára bàbá àti ìyá, kó wá pàdé lára ọmọ. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ó ní yóò pẹ́ kí èsì tó dé. Kó pẹ́. Ohun yòówù kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yìí, òun náà ló ń ṣàn nínú ọwọ́ tó ń gbé kọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Ìwé dé. Gbogbo ilé kún fọ́fọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Samson tó ń gbé yàrá kejì, tó máa ń kí Ìyálóde bí ẹni ń kí ọmọ ọwọ́, ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wá: "Ànti, ẹ bá mi kọ orúkọ yín sí i." Ẹ gbọ́ — *ẹ*. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Kò sẹ́ni tó kán an lójú.

Ọjọ́ Ajé, 16

Wọ́n fẹ́ kó sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn. Dókítà ní wọ́n ti kan pákó sórí àtẹ̀gùn kí àga lè gùn ún, mọ́tò wọn yóò sì wá gbé e. N kò lè sọ pé rárá mọ́. Ìyálóde ní kí n dúró sílé, kí n má baà fi àníyàn pa dẹ́rẹ́bà. Samson yóò gbé òun.

Mo tún gbogbo rẹ̀ rò: òjò, márosẹ̀, ìfúnpá. Gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n òùngbẹ yóò gbẹ ẹ́ níwájú èrò yẹn, Samson kò sì mọ bí a ṣe ń tẹ kọ́ọ̀bù sí i lẹ́nu.

Mo ti lẹ táyà. Mo ti fọ kọ́ọ̀bù. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà, ni èmi àti Ìyálóde yóò gbéra.