Orúkọ tí Mo Fi Gègé Mi Pa Rẹ́

                                                  Àgọ́ Àwọn Tó Ń La Ọ̀nà,
                                                  Mọ́níyà, lẹ́bàá Ìbàdàn.
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Nòfẹ́ńbà, 1906.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ògúnlàdé,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Abẹ́òkúta? Ìbídùnní aya rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń dìde rìn? Mo gbọ́ pé àìsàn dá ọ̀gá káfíńtà tí ò ń bá ṣiṣẹ́ gúnlẹ̀ nígbà òjò; bí ara wọn bá ti yá, bá mi kí wọn kú ewu. Ní tiwa níhìn-ín, ara le, a sì ń rí oúnjẹ jẹ. Mo pàdé ìyá rẹ lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ru ẹrù ẹ̀gẹ́, ẹsẹ̀ wọn sì yá nílẹ̀ ju tèmi lọ. Wọ́n ní kí n kí ọ, pé kí o má gbàgbé ọ̀nà ilé. Wọ́n súre fún mi títí láàárín ọjà, mi ò sì lè gbójú sókè wò wọ́n.

Ìdí tí mi ò fi lè gbójú sókè ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí mo fà á ya, bẹ́ẹ̀ ni pépà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré níhìn-ín.

O rántí lẹ́tà tí Òrìṣàdìpẹ̀ àbúrò rẹ kọ sí ọ ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Kò mọ̀wé, nítorí náà ìkọ̀wé mi ni o rí. Ó ní iṣẹ́ òyìnbó ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n èmi Ọládòṣù, tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n, sa gbogbo ipá mi, kí o bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O sì dúpẹ́. Èsì rẹ wà nínú àpótí mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lè kà á.

Irọ́ ni, Ògúnlàdé. Àbúrò rẹ kọ́ ló pa á, ohun tó gbàgbọ́ ló sọ. Èmi tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ó jókòó níwájú mi, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ mi lè bá ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tó ti yìn mí, mo béèrè bóyá kí n kọ ìyẹn náà. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ ọ́ kó hàn dáadáa." Mo kọ ọ́, ó sì hàn dáadáa.

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí. Iṣẹ́ tí òyìnbó gbà mí fún níbi ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí à ń là yìí kì í ṣe ìwé kíkọ nìkan. Èmi ni mo ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń wá àwọn tó ń fẹ́ iṣẹ́, tí mò ń kọ orúkọ wọn. Bí ohun kan bá sì ń dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, èmi ni kí n sọ ọ́ fún òyìnbó kí a lè wá nǹkan ṣe sí i. Mo sì ń ṣe é dáadáa. Sòbìà mú ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n fi í sídìí àdá pípọ́n níbi tí ó ti lè jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jinná. Akólòlò ni ẹnì kejì. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ láàárọ̀, kí ó tó jẹ́ ìpè wọn á ti kọjá rẹ̀, wọn á kọ ọ́ pé kò wá. Èmi ni mo ní kí ó máa na ọwọ́ sókè. Àwọn méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní. Àwọn ènìyàn wá ń pè mí ní Alátùn-únṣe, orí mi sì wú.

Nígbà tí o kọ̀wé pé kí n bá ọ wá iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀ fún Òrìṣàdìpẹ̀, kí ó yé ṣe lébìrà lóko olóko, inú mi dùn. Àkókò náà ni òyìnbó kéde pé bí ọ̀nà bá parí, òun yóò mú ènìyàn mẹ́wàá nínú àwọn tí kì í pa iṣẹ́ jẹ, kí wọ́n máa tọ́jú ọ̀nà náà lọ títí, iṣẹ́ tí òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn kò ní gbà lọ́wọ́ wọn. Mo sọ fún àbúrò rẹ. Ó ní bí òun bá lè wà nínú mẹ́wàá yìí, òun yóò fẹ́ Àpèkẹ́, nítorí bàbá ọmọ náà ti lérí pé òun kò ní fi ọmọ fún ẹni tí kò ní ibi pàtó tó ń jí lọ láàárọ̀.

Ó sì ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo wọn, mi ò rí ẹni tó mọ ilẹ̀ í gbẹ́ tó àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Òòṣàálá bá pé, kò ní wá. O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá yín ti papò dà, òun ló ń pọn omi òòṣà, àti pé nílé yín, gẹ́gẹ́ bí ti ilé wa, a kì í fi irin kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lè di ẹjọ́. Lóko, ẹni tí kò wá lónìí ń bọ̀ lọ́la, ilẹ̀ kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, òyìnbó pè mí. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tẹ orúkọ rẹ̀, ó béèrè ohun tó ń ṣe ọkùnrin yìí lọ́rọọrún.

Mo mọ ìdáhùn náà bí mo ti mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n akọ̀wé àgbà tó ti Èkó wá dúró níbẹ̀, ẹni tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń fi àwọn abọ̀rìṣà ṣẹ̀sín. Ọmọ onígbàgbọ́ ló pè mí. Mi ò sọ fún un rí pé omi òòṣà ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, pé ìyá mi ń wọ aṣọ funfun fún ọ̀sẹ̀ títí di bí mo ti ń wí yìí. Mo rò ó pé bí mo bá dárúkọ ọ̀sẹ̀, yóò béèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Nítorí ìyá tó bí mi ni ojú fi ń tì mí lọ́jọ́ náà, Ògúnlàdé. Mo wá dáhùn pé, "Ọ̀lẹ ni, sà." Òyìnbó ní kí n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Gègé wà lọ́wọ́ mi, mo pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò rẹ wá bá mi nílé. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé iṣu mẹ́ta kalẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé òyìnbó pè mí nítorí òun, òun sì mọ̀ pé n ó ti bẹ̀bẹ̀ débi tí agbára mi mọ, bí òyìnbó kò bá wá gbọ́, ẹ̀bi mi kọ́. Ìgbà náà ló ní kí n bá òun kọ̀wé sí ọ. Iṣu náà wà ní igun yàrá mi. Mo ti gbààwẹ̀ àìrójẹ níwájú wọn rí, mi ò lè fi ọ̀bẹ kàn wọ́n.

Mùsùlùmí kan wà láàárín wa, àgbàlagbà ará Ṣáṣá tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Mùjíbátù. Ẹ̀gbẹ́ tiwọn ni ìpín ọ̀nà Òrìṣàdìpẹ̀ wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ náà kò padà wá mọ́, wọ́n wá bi mí léèrè ohun tó gbé e kúrò.

"Akọ̀wé," ni wọ́n wí, "mo ti ń gbèrò láti bá a sọ ọ́ pé àáró ni ká fi ṣe é. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, màá gbẹ́ tirẹ̀ mọ́ tèmi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kó gbẹ́ tèmi kí n lè ráyè lọ kírun. Ọ̀nà á sáà máa lọ. Ṣé o ò sọ fún òyìnbó pé ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu gègé mi. Wọ́n wò mí títí.

"O mọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n sì dìde, wọ́n lọ.

Àáró tí èmi àti ìwọ jọ ṣe lóko bàbá yín láti kékeré. Ẹni tí kì í bọ òòṣà ló rántí rẹ̀ fún ọmọ olóòṣà, èmi tí mò ń gba owó lórí àtúnṣe kò rántí. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi kò tilẹ̀ júwe rẹ̀ rárá, mo ní mi ò mọ ibẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá òyìnbó. Akọ̀wé àgbà wà níbẹ̀, mi ò sì dúró kí ó jáde. Mo ní ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé ọ̀sẹ̀, mo ṣàlàyé àáró. Òyìnbó béèrè bí mo ṣe mọ̀. Mo ní òrìṣà ilé wa ni, ìyá mi ló ń sìn ín. Akọ̀wé àgbà bú sẹ́rìn-ín, kò tíì rín in tán títí di òní. Òyìnbó ní ta ni yóò dúró fún ọkùnrin náà pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í dúró. Bàbá Mùjíbátù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé, wọ́n ní àwọn ni.

Ẹni mẹ́sàn-án ni òyìnbó ti yàn. Ó ní ipò kẹwàá di ti Òrìṣàdìpẹ̀ bí ìpín rẹ̀ kò bá ṣófo títí ọ̀nà yóò fi parí, ọwọ́ ẹni yòówù kó gbẹ́ ẹ. Ní tèmi, ó ní n kò ní lọ sí abúlé mọ́, kí n jókòó máa da ìwé kọ. Ó ní ẹni tó purọ́ mọ́ ẹnì kan, báwo ni òun yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tó sọ fún àwọn yòókù. Ẹlòmíràn ló ń lọ sí abúlé báyìí, mi ò sì mọ̀ bóyá ó máa ń dúró gbọ́ akólòlò.

Àbúrò rẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Lánàá, ó tún gbé iṣu méjì wá. Ó rò pé èmi ni mo tún bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó ní Àpèkẹ́ kí mi. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín, mo bá pa á dé. Bàbá Mùjíbátù náà kò sọ fún un, wọ́n ní ẹnu mi ni ó yẹ kí ó ti jáde. Iṣu ti di márùn-ún nínú yàrá mi.

Bá mi kí Ìbídùnní, gbé ọmọ mọ́ra fún mi. Kí ọ̀gá rẹ. Bí o bá sì kọ̀wé sí ìyá rẹ, má tíì sọ ọ́ fún wọn.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ọ́. Bí o bá ń bọ̀ wálé nígbà Kérésì, mú lẹ́tà yìí dání, kí o kà á sétí àbúrò rẹ lójú mi. Má ṣe fi í ránṣẹ́ sí i. Gbogbo lẹ́tà tó bá wọ Mọ́níyà, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún kí n kà. Bí ó bá gbé èyí wá fún mi, mo mọ ara mi, n ó fo ibi tí mo ti pè é ní ọ̀lẹ.

                                                  Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì gbà mí bẹ́ẹ̀,
                                                  Ọládòṣù.