Ẹ̀fọ́ Lílọ̀ Tí Bàbá Rẹ Ń Mu

Olútóyìn ọmọ mi,

Ẹ̀rọ ìlọta oníná tí o fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ti dé Ìdànrè. O ṣeun, ọmọ mi.

Ara bàbá rẹ ń le sí i. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ṣì ń ṣọ̀lẹ, oúnjẹ líle sì máa ń há wọn lọ́fun díẹ̀. Nítorí náà, mo ń se tẹ̀tẹ̀ àti gbúre pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti iṣu, mo ń lọ̀ ọ́ kúnná, mo sì ń fi ṣíbí fún wọn mu. Ó ń yó wọn dáadáa. Bí iná bá lọ, ọlọ wà nílẹ̀.

Lánàá, mo fi ewúro sí i, n kò sì fọ̀ ọ́ tó. Bàbá rẹ tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro, wọ́n ní, "Ó korò!"

Àrìnkẹ́ àbúrò rẹ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, wọ́n sọ̀rọ̀!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ la ti ń retí ohùn wọn. Láàárọ̀ yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ tún fi ewúro sí i, bóyá wọ́n á tún sọ̀rọ̀.

Má torí èyí fi ìdánwò rẹ sílẹ̀ wálé o. Kò séwu.

Àrìnkẹ́ kí ọ. Àwọn ará ìjọ kí ọ. Mo bi bàbá rẹ bóyá kí n bá wọn kí ọ, wọ́n sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá rẹ ni.