Òkúta Tí Mo Gbá Ewé Bò

                                                  14, Òpópónà Larch,
                                                  Millbourne,
                                                  Massachusetts.
                                                  16 Oṣù Kọkànlá, 2019.

Àǹtí Claudette mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí pé mo láyà láti kọ̀wé sí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya, nítorí mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì lẹ́nu láti bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìlérí tí mo ṣe fún yín nínú oṣù Kẹjọ. Ẹ ní kí a gba lọ́yà. Èmi ni mo sọ lórí fóònù pé kò pọn dandan, pé ẹ̀kọ́ nípa ètò ìlú ni mo ń lọ kọ́ ní yunifásítì, pé èmi á bójú tó o. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ó dáa, pé ẹ fọkàn tán mi.

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ẹ kú òjò ìhà ọ̀dọ̀ yín, ẹ sì kú àárò ilé. Ṣé eékún Ọ̀gbẹ́ni Glenn ti ń jẹ́ kó rìn? Ṣé àwọn ìbejì ń ṣe dáadáa nílé ìwé, àbí Odette ṣì ń bínú pé wọ́n ní kó máa lo awò ojú? Èmi náà wà, ọpẹ́ ni. Mò ń jẹun, mò ń lọ sí kíláàsì, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá kí yín. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó ń bọ̀. Ní ti Bàbá àgbà, òun gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí Màmá tó pè yín, nítorí ohun tí Màmá máa sọ fún yín kì í ṣe òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gbà pé òótọ́ ni.

Ìgbìmọ̀ ìlú kò gbà fún wa. A ò lè kọ́ yàrá náà. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kejìlá, Bàbá àgbà máa kó lọ sí ilé àwọn arúgbó tó wà létí odò.

Ẹ mọ̀ bí nǹkan ṣe rí láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú nínú oṣù Kẹta. Orí àga ńlá inú pálọ̀ ló ń sùn. Òkè ni ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ló sì wà láàárín. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà sọ pé tí kò bá sí ètò tó dájú fún yàrá àti ilé ìwẹ̀ nísàlẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, òun ò ní fọwọ́ sí i pé kó máa gbélé mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilé, lápá ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Loomis, nìkan ni a ti lè kọ́ ọ. Òfin ìlú sì sọ pé ilé gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jìnnà sí ààlà. Tiwa á ku mẹ́fà péré. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti lọ bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda fún wa kọjá òfin.

Mo ka òfin náà títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó ní ìgbìmọ̀ ò lè fún ẹnikẹ́ni ní irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ nítorí àìsàn, tàbí nítorí ọjọ́ orí, tàbí nítorí pé ó jẹ́ èèyàn dáadáa. Àfi tí ìṣòro bá wà lára ilẹ̀ fúnra rẹ̀: bóyá ilẹ̀ náà rí wọ́gọwọ̀gọ, tàbí ó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí èèyàn kọ́lé síbi tó yẹ kó kọ́ ọ sí. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn yẹn. Síbẹ̀, òkúta ò wá sí mi lọ́kàn.

Òkúta ẹ̀yìnkùlé ni mò ń sọ. Ẹ̀yin náà dàgbà lórí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ṣọ́bìrì ò lè wọlẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ níbẹ̀ kó tó ró gbà lára rẹ̀. Ẹ sì mọ Màmá àgbà, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ òkúta létí àlejò ní òpópónà wa. Ẹni tó lè ta ilé rẹ̀ lọ́la kì í sọ pé òkúta wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo sọ fún ọkùnrin kan tó wá wo ilé àwọn Pelkey pé òkúta ni gbogbo àdúgbò wa jókòó lé. Màmá àgbà fà mí létí wọlé. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ ba ilé gbogbo wa jẹ́ ni? Ohun tó wà lábẹ́ ilé ẹni, abẹ́ ilé ẹni ló ń gbé." Ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fi etí fífà kọ́ni kì í tètè lọ.

Ó jẹ́ àṣà ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wá wo ilẹ̀ ní Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìjókòó. Mo wọ bọ́ọ̀sì wálé lọ́jọ́ Ẹtì, torí mo fẹ́ kí ilé wù wọ́n. Mo gbá gbogbo ewé tó ti jábọ́. Ẹ rántí ibi tí òkúta ti yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máápù, tó dà bí ẹ̀yìn màlúù tó dùbúlẹ̀. Orí ibẹ̀ ni mo gbá ewé náà jọ sí, mo bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo wá gbé elégédé méjì àti ìkòkò òdòdó mẹ́ta sí i lórí. Ó rẹwà, Àǹtí. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí àwọn mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fún wọn ní omi ápù gbígbóná, mo sì mú wọn rìn yí ilé ká bí ẹni tó fẹ́ tà á.

Ìjókòó náà wáyé ní gbọ̀ngàn ìlú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá ò ráyè kúrò níbi iṣẹ́, Ìyáàfin Loomis ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Bàbá àgbà ní kí n bá òun wá táì aláwọ̀ ewé. Obìnrin kan ló ṣáájú wa, ó ń tọrọ ìwé àṣẹ kó lè máa wẹ ajá fún àwọn èèyàn nínú gáréèjì rẹ̀. Irú ìwé àṣẹ yẹn ò le bíi tiwa, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín jáde, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ọjọ́ rere nìyí.

Alága ka ìwé wa sókè. Ọ̀gbẹ́ni Prentiss lorúkọ rẹ̀, ó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Ó béèrè bóyá aládùúgbò kankan fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyáàfin Loomis dìde. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélógójì ni Armand ti ń yọjú wo inú kíṣìnì mi. Tó bá tún fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án sún mọ́ mi, á kúkú lè máa bá mi nu abọ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé a ti borí.

Ọ̀gbẹ́ni Haskell, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn lẹ́bàá ojú irin, wá ní, "Èmi dé ẹ̀yìnkùlé yẹn ní Sátidé. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó sì dùn ún wò. Kí ló dé tí wọn ò kọ́ yàrá yìí síbẹ̀? Màlúù mẹ́wàá gba ibẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Àǹtí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alága kọjú sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, fara balẹ̀ gbọ́ ìbéèrè yìí. Ká yọ ti àìlera bàbá rẹ àgbà kúrò. Ṣé nǹkan kan wà lára ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ lè kọ́lé sẹ́yìn?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ilẹ̀ dáadáa ni."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Ilẹ̀ wa ò ní wàhálà kankan."

Mo rò pé orúkọ ilé wa ni mò ń gbèjà. Ibẹ̀ ni Bàbá àgbà ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ẹ mọ̀ pé ogójì ọdún ló fi gbẹ́ kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún gbogbo ìlú yìí. Ó mọ ilẹ̀, ó sì mọ ohun tí ìgbìmọ̀ ń wá. Ó ní, "Abẹ́... abẹ́..." Ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Alága ní, "Máa rọra, Armand. A ń dúró dè ẹ́." Wọ́n dúró lóòótọ́. Mo rí itọ́ létí ẹnu rẹ̀, mo rí i bí gbogbo èèyàn ṣe ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ṣe mí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ojú ló tì mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e wálẹ̀ sórí itan rẹ̀, mo ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́, sà. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun dúpẹ́."

Bàbá àgbà wò mí. Kò gbìyànjú mọ́.

Wọ́n dìbò. Mẹ́ta gbà fún wa, méjì kọ̀. Alága wà nínú àwọn tó kọ̀. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni òfin ní kí àwọn wò, kì í ṣe èèyàn, àwa fúnra wa sì ti sọ pé kò sóhun tó ṣe ilẹ̀ wa. Nínú àwọn márùn-ún, mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tí wọ́n bá sì ti kọ̀ fún, ọdún méjì gbọ́dọ̀ kọjá kó tó tún lè gbé irú ẹ̀bẹ̀ kan náà wá.

Bí a ti ń dúró de Ìyáàfin Loomis kó gbé ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, alága jáde bá wa. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ béèrè. Apá ọ̀dọ̀ yín lókè yẹn, ṣebí orí òkúta ló wà? Nígbà tí àwọn Pelkey ń gbẹ́lẹ̀, a gbọ́ ìró ẹ̀tù tí wọ́n fi fọ́ ọ dé ibí."

Mo ní, "Orí òkúta ni, sà."

"Ẹ̀yìnkùlé tiyín náà ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Kí ló wá dé, ọmọ mi? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ẹ́."

Mo ní, "A kì í sọ ọ́, sà."

Ó wo Bàbá àgbà, ó tún wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Àwa náà kì í sọ ọ́ nílé wa." Ó wá ní òun ti pa ìwé náà dé, pé ọwọ́ òun ò tó o mọ́.

Wọ́n ní a lè gbé e lọ sí kóòtù láàárín ogún ọjọ́. Bàbá àgbà mi orí pé rárá. Kò fẹ́ pe ìlú rẹ̀ lẹ́jọ́. Màmá ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lè gba ọdún kan àtààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibùsùn tó ṣófo ní ilé àwọn arúgbó kò ní dúró dè wá.

Ohun tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí ló kù báyìí. Ìyáàfin Loomis ti sọ ọ̀rọ̀ òkúta fún Màmá. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bí Màmá ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi dúró lé wa lórí nídìí tábìlì. Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n gbá ewé bo òkúta yẹn?" Mo la ẹnu. Bàbá àgbà fi ṣíbí gbá tábìlì. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó jáde. Ó ní, "Èmi. Èmi ni mo ní kó bò ó."

Màmá ní, "Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ gbogbo ìlú yìí? Kí ẹ yáa mọ̀ pé orí kunkun yín ló ń gbé yín lọ sí ilé àwọn arúgbó." Bàbá àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi gé búrẹ́dì, mo sì fi sẹ́nu.

Nígbà tí Màmá lọ sùn, mo sọ fún Bàbá àgbà pé mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ tó le gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ó dùn mí. Ó ní, "Èmi ń lọ." Ó sinmi. "Ìwọ lo máa bá màmá rẹ gbé." Mo jókòó tì í títí ó fi sùn lọ lórí àga rẹ̀.

Màmá ò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà yẹn. Ó ń gé ẹran rẹ̀ fún un, ó ń yí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ padà, kò sì wo ojú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ yìí yẹ mí. Olùkọ́ wa ní kí a kọ àròkọ lórí ìgbìmọ̀ ìlú kan, èmi ò tíì lè kọ ìlà kan.

Nítorí náà, tí Màmá bá pè yín, tó sọ pé Bàbá ló fa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bá a wí. Òun kọ́. Èmi ni. Tí ẹ bá pè é lórí fóònù, tó bá ń wá ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè é, ẹ má bá a parí rẹ̀. Tí ẹ bá lè wá kí ó tó kó lọ, inú rẹ̀ á dùn. Kò béèrè, ṣùgbọ́n ó ti ní kí n gbé fọ́tò yín sún mọ́ tòsí.

Ẹ bá mi kí Ọ̀gbẹ́ni Glenn, ẹ bá mi kí Odette àti ìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ má sì jẹ́ kí Màmá gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, kódà bí inú bá bí yín sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá nítorí Bàbá ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, tàbí nítorí ara mi. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun ún.

Èmi ni tiyín, tí ẹ bá ṣì fẹ́ kí n jẹ́ bẹ́ẹ̀,

Elise